Bí Ẹ-Kúulé Ṣe Du Ipò ní Orílẹ̀-Èdè Méjì

Télọ̀ ni, àmọ́ kò sẹ́ni tó ń pè é bẹ́ẹ̀. Ẹ-Kúulé ni gbogbo àdúgbò ń pè é, nítorí kò lè kọjá ẹnu ọ̀nà ẹnikẹ́ni láìyà. A máa béèrè ìyá, a béèrè ọmọ, a béèrè orúnkún tó ń dun bàbá, kó tó máa bá tirẹ̀ lọ. Aṣọ oníbàárà a máa pẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kì í lè bínú tán. Nígbà tí ìbò káńsílọ̀ dé, òun ni wọ́n yàn. Kò ṣe nǹkan bàbàrà kan níbẹ̀, ẹ má jẹ́ n purọ́. Ó tún afárá kan ṣe, ó sì ń kí èèyàn.

Nígbà tí sáà rẹ̀ pé, ó fa ṣọ́ọ̀bù lé ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́, ó dágbére fún ìyá rẹ̀, ó sì lọ bá ìyàwó rẹ̀ lókè òkun.

Kò tíì pẹ́ tó débẹ̀ tó fi lọ kan ilẹ̀kùn aládùúgbò pé òun kàn ní kí òun kí wọn ni. Wọ́n pe ọlọ́pàá. Ọlọ́pàá bi í pé kí ló fẹ́, ó ní òun ò fẹ́ nǹkan kan, ìyẹn gan-an ló sì mú kí wọ́n fura sí i. Ìyàwó rẹ̀ ló là á lóye: níbẹ̀, wọn kì í dédé yọ sí èèyàn, wọ́n máa ń kọ́kọ́ tẹni láago ni. Ó kọ́ àṣà náà. Ibi tó ti ń tún aṣọ ṣe ló ti ń gba nọ́ńbà àwọn oníbàárà. Ó ń tẹ̀ wọ́n láago, ó ń lọ, ó ń béèrè orúnkún. Ó ṣe, àwọn arúgbó tí ọmọ wọn kì í yà bẹ̀rẹ̀ sí dúró de ìpè rẹ̀. Ni ẹgbẹ́ òṣèlú kan bá ní kó wá du káńsílọ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ló wọlé.

Síbẹ̀, ọkàn rẹ̀ ò kúrò lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Ara ìyá ti ń dara àgbà, ó sì ń wù ú kó padà wá máa gbé tì í, àmọ́ ojú ń tì í láti padà lọ́wọ́ òfo. Nígbà tí ẹgbẹ́ òṣèlú tilé wá ní kó wá du alága káńsù, ó ní àǹfààní dé. Tó bá wọlé, á dúró. Tí kò bá wọlé, ojú wo ni yóò fi dúró? Ó fipò sílẹ̀ lọ́hùn-ún. Ìyàwó rẹ̀ ní kó máa lọ, pé òun á bá a tí òun bá fẹ̀yìn tì.

Ta wá ni ẹgbẹ́ kejì fà kalẹ̀ pé kó bá a du ú? Ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ àtijọ́.

Òtẹ́ẹ̀lì ni Ẹ-Kúulé dé sí, nítorí àwọn ará ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ẹni tó fẹ́ ṣe alága kì í gbé yàrá ìyá rẹ̀. Kó tó lọ sílé ẹnikẹ́ni, a máa tẹ̀ wọ́n láago: ṣé àyè wà, ìgbà wo ló rọ̀ wọ́n lọ́rùn? Ẹnì kan ní òun ò mọ̀ pé òun ti di dókítà tí èèyàn ń gba àyè kó tó rí. Ó tiẹ̀ tẹ ìyá tó bí i lọ́mọ láago. Ìyá ní ọwọ́ òun dí. Ìjókòó ló dí i lọ́wọ́.

Wọ́n dìbò. Ọmọ iṣẹ́ fẹ̀yìn ọ̀gá janlẹ̀, títí kan ibùdó ìbò tó wà lẹ́nu ọ̀nà ìyá ọ̀gá.

Lọ́jọ́ kejì, kò tẹ ẹnikẹ́ni láago. Ó kàn lọ ni. Ó bá ìyá lórí àga, ó dọ̀bálẹ̀, ó ní òun wá dágbére, òun ti já wọn kulẹ̀.

Ìyá ní kó dìde. “Ọmọ iṣẹ́ rẹ ni mo dìbò fún,” ló wí. “Láràárọ̀ ló ń yà kí mi láti ọjọ́ tó o ti lọ.”

Ó dun Ẹ-Kúulé wọ egungun. Ó ní kò burú, àmọ́ ká ní òun wọlé ni, òun ì bá dúró tì wọ́n.

Ìyá bi í léèrè.

“Ta ló sọ fún ọ pé àfi tó o bá di alága kó o tó lè máa gbé ọ̀dọ̀ mi?”

Ìyá na ọwọ́ sí ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù.

“Lọ kí i kú oríire,” ló wí. “Kó o tètè dé. Mi ò ní ti ilẹ̀kùn.”