Kásẹ́ẹ̀tì tí Mo Fi Ránṣẹ́ sí Màámi

Ọdún mẹ́rin ni mo fi ń ya àwòrán ní fúláàtì kan ní South Shore, tí wọ́n ní ìmọ̀ ìṣirò ni mò ń kọ́. Àwọn ará ilé rò pé nọ́ńbà ni mò ń rò. Nọ́ńbà kẹ̀? Ọ̀nà ni mò ń yà, ọ̀nà tó jáde nílé tó sì gbọ́dọ̀ padà sílé.

Màámi ò mọ̀wé, ṣùgbọ́n wọ́n fẹ́ mọ ohun tó gbé ọmọ wọn lọ Chicago. Mo bá sọ ọ́ sínú kásẹ́ẹ̀tì: "Màámi, ẹ jáde nílé, ẹ gba ọ̀nà odò, ẹ yí odò po, kí ẹ gba ọ̀nà kan náà padà. Iṣẹ́ mi ni kí n to táìlì sí inú ibi tí ẹ yí po. Bó bá kún dáadáa, ìrìn yín wà nínú ẹgbẹ́ àwọn ìrìn tí mò ń wá. Ibi yòówù kí ẹ kọ́kọ́ gbà kí ẹ tó yí i po, bí ẹ bá ti gba ibẹ̀ padà, inú ẹgbẹ́ náà lẹ ṣì wà. Àmọ́ bí ihò kan ṣoṣo bá kù, ó ti bàjẹ́ nìyẹn."

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló fèsì, nínú lẹ́tà: "Màámi gbọ́ ọ, wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kí n kí ẹ." Ṣáájú ìgbà yẹn, àwọn fúnra wọn ló máa ń sọ̀rọ̀ sínú kásẹ́ẹ̀tì, wọ́n á máa kì mí títí tépù á fi tán. Mo béèrè. Ẹ̀gbọ́n mi ní ọ̀fìnkìn ló gba ohùn wọn. Ọ̀fìnkìn oṣù mẹ́wàá! Èmi tí mò ń wá ihò kiri inú àwòrán, mo gbà á gbọ́.

Ọ̀sẹ̀ tí mo yege, àgbà ìlú wa mẹ́ta tó ń gbé ní Matteson, létí Chicago, wa mọ́tò wá. Mo dọ̀bálẹ̀, mo sáré gbé kóòkì wá, mo rò pé wọ́n wá bá mi yọ̀ ni. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Ibẹ̀ lara ti fu mí.

Èyí tó dàgbà jù ní, "Jókòó. Màmá ẹ ti sinmi, ó ti lé ní oṣù mẹ́wàá. Màmá fúnra wọn ló ní ká má sọ fún ẹ títí wàá fi kàwé tán."

A kì í túfọ̀ fún ẹni tó dá wà lájò. Mo mọ àṣà náà, èmi náà ti bá wọn pa irú irọ́ yẹn fún ẹnìkan ní Naperville rí, mo tún rò pé oore ni mo ṣe é. Síbẹ̀ inú bí mi, ó sì ń bí mi dòní.

Nígbà tí mo délé, ẹ̀gbọ́n mi gbé àpòòwé kan fún mi. Kásẹ́ẹ̀tì mi ni. Ọjọ́ kẹta tí wọ́n sin Màámi ló dé, ó sì wà bí mo ṣe lẹ̀ ẹ́ pa. Ẹ̀gbọ́n mi ní òun ò láyà láti ṣí i.