Ọwọ́ Tí Mo Fi Pe Àwọn Béèsì

Nígbà tí mo ṣì jẹ́ ọmọge ní Kábà, ẹ̀yin ọmọ mi, tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ dé, èmi ni wọ́n fún ní kọ́kọ́rọ́ dùùrù ṣọ́ọ̀ṣì wa. Dùùrù onígi ni. Kì í dún àfi bí a bá ń fi ẹsẹ̀ méjèèjì fín in bí ewìrì alágbẹ̀dẹ. Èmi ni mò ń tẹ dùùrù, èmi náà ni mò ń darí akọrin. Àwọn kan ń kùn pé mo kéré. Àlùfáà ti wí fún mi pé bíṣọ́ọ̀bù ń bọ̀ lọ́jọ́ ìsinmi. Bí orin ńlá tí à ń kọ́ bá dàrú lójú rẹ̀, òun á gba kọ́kọ́rọ́, òun á gbé e fún olùkọ́ kan láti Ìkòyí. Kò sí dùùrù mìíràn nítòsí. Bí èyí bá bọ́ lọ́wọ́ mi, ó parí nìyẹn.

Lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀, a pàdé láti fi orin náà dánra wò. Ọwọ́ ọ̀tún mi wà lórí ohùn òkè, nítorí bí mo bá fi í sílẹ̀, ohùn àwọn obìnrin á ṣáko. Nígbà tó kan àwọn béèsì, àwọn ọkùnrin olóhùn ìsàlẹ̀, mo na ọwọ́ òsì sí wọn, bí ìyáàfin òyìnbó ṣe kọ́ mi nílé ẹ̀kọ́ olùkọ́. Olórí wọn, bàbá àgbẹ̀ kan tó ti ń kọrin kí wọ́n tó bí mi, pa ìwé rẹ̀ dé.

"Ta lò ń na òsì sí? Ṣé bí wọ́n ṣe kọ́ ẹ nílé nìyẹn?"

Ọkùnrin kan lẹ́yìn ní, "Bàbá, ẹ ṣe sùúrù. Ọ̀tún ń ṣiṣẹ́, ẹsẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Àfi kó máa fi imú pè yín."

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Èmi kúnlẹ̀, mo bẹ̀bẹ̀.

"Mo ti gbọ́," ni bàbá wí. "Ṣùgbọ́n tí o bá tún nà án sí mi, n ò ní ya ẹnu o, ì báà jẹ́ bíṣọ́ọ̀bù ló jókòó."

Bí bàbá ò bá sì kọ, kò sí béèsì kankan tó máa kọ. Lọ́jọ́ Ẹtì, mo gbìyànjú kí n máa mi orí sí wọn. Ẹnì kan wọlé orin, ẹnì kejì ṣì ń wò mí. Ó dàrú pátápátá.

Ọjọ́ ìsinmi pé. Bíṣọ́ọ̀bù jókòó. Àwọn obìnrin bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó ku ìlà kan kí béèsì wọlé, mo rí i pé ọwọ́ òsì mi ti ń dìde fúnra rẹ̀. Bàbá ń wò ó. Mo fà á padà, mo já ọ̀tún gbà lórí dùùrù, mo nà án sí i. Ó ya ẹnu! Béèsì wọlé, ilẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ mì. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe dá ọ̀tún padà, mo gbọ́ ọ: ohùn àwọn obìnrin ti wálẹ̀ díẹ̀, àwọn àti dùùrù ò bá ara wọn mu mọ́. Kí ni kí n ṣe? Mo dá ẹsẹ̀ dúró. Dùùrù dákẹ́. Mo dìde, mo fi ọ̀tún nìkan darí wọn, mo fi òsì pamọ́ sẹ́yìn, títí a fi dé àmín.

Lẹ́yìn ìsìn, àlùfáà na ọwọ́ sí mi. "Dùùrù dákẹ́ lójú bíṣọ́ọ̀bù. Mú kọ́kọ́rọ́ wá."

Kí n tó tú u létí aṣọ, bàbá ti dé, ó kí i bí àwa ará Kábà ṣe ń kíni. "Àlùfáà, okun o. Ṣé orin dákẹ́ ni? Ọmọ yìí pè mí bí ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé, mo sì jẹ́. Ẹ jẹ́ kó mú kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ dání."

Àlùfáà ká ọwọ́ rẹ̀ kò.

Ayé ti yí, ẹ̀yin ọmọ mi. Dùùrù òde òní, iná ló ń mí fún un. Ọ̀dọ́mọdé tó ń darí wa báyìí, ọwọ́ méjèèjì ló ń jù sí àwa àgbà, èyí tó bá ti yá. N kì í bá a wí; ayé tirẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n bó bá na òsì sí mi, mo máa ń dúró títí ọ̀tún á fi dé. Wọ́n ní màmá kì í tètè wọlé orin mọ́, pé etí mi ló ti ń di. Wọn ò mọ̀ pé ọ̀tún ni mò ń retí.