Àlùbọ́sà Nínú Abọ́ Ajá

Àlùbọ́sà ni mo ń tà ní Àkúrẹ́ nígbà tí nǹkan le koko, tí orí ẹja lásán di ohun tí èèyàn ń bẹ̀bẹ̀ kó tó rí rà. Ìgbà yẹn ni ìyá ọkọ mi ti Oǹdó wá bá wa gbé. Ajá kan wà nílé wa, ó rù hangogo, iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó máa gbó mọ́ àwọn olè tí àwọn náà ò rí nǹkan kan jí.

Obìnrin Ògbómọ̀ṣọ́ kan tó ń ta ata lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi lọ́jà, tí a jọ ń gbé ilé kan náà, fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lọ́jọ́ tí Màmá dé.

"Ọ̀rẹ́ mi, ará Oǹdó ti wọlé o. Ẹ yáa so ajá yín mọ́lẹ̀."

Gbogbo ayé ló mọ ohun tí wọ́n ń sọ nípa ará Oǹdó àti ẹran ajá. Mo rẹ́rìn-ín títí ẹ̀gbẹ́ fi ń dùn mí.

Ṣùgbọ́n ajá yẹn fẹ́ràn Màmá. Ibi tí Màmá bá jókòó sí, ìdí ẹsẹ̀ rẹ̀ ni yóò sùn sí. Kò pẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sanra.

"Ṣé ẹ rí i?" ni aláta wí. "Wọ́n ń bọ́ ọ sílẹ̀ fún ìkòkò ni."

Màmá gbọ́. Ó kàn wò ó bí ẹni tó rí ata tó ti jẹrà lórí àtẹ.

Nígbà tó yá, ajá dùbúlẹ̀, kò jẹun mọ́. Ìdí eyín rẹ̀ funfun bí ẹfun, ìtọ̀ rẹ̀ pọ́n bí omi osùn. Ọkọ mi rọra béèrè pé, "Màmá, ṣé ẹ ò fún un ní nǹkan kan?"

Ìbéèrè yẹn dun Màmá dé egungun. Ó wọlé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù.

"Oǹdó ò jìnnà. Tí ajá yìí bá kú, apajá ni wọn yóò máa pè mí títí n ó fi kú."

A gbé ajá sínú kẹ̀kẹ́ Márúwá, ó di ọ̀dọ̀ dókítà ẹranko. Màmá ní àfi kí òun bá wa lọ.

Dókítà la ẹnu ajá wò. "Kí ló ń jẹ?"

"Ẹ̀bà," ni Màmá dáhùn.

"Ẹ̀bà nìkan?"

"Ẹ̀bà gbẹrẹfu? Ṣé ẹlẹ́wọ̀n ni? Kò sí ẹran, kò sí ẹja. Àlùbọ́sà tó ti ń rọ̀, tí ìyàwó mi ò rí tà, ni mò ń fi epo pupa dín, tí mò ń dà á lé e lórí láràárọ̀."

Dókítà mí kanlẹ̀. Ó ní àlùbọ́sà máa ń ba ẹ̀jẹ̀ ajá jẹ́, tútù ni o, díndín ni o. Ó ní kí a má fún un ní aáyù náà, kí a má fún un ní ṣokoléètì, kí a sì gbé kafúrà inú àpótí aṣọ jìnnà sí i.

"Ṣokoléètì kẹ̀? Dókítà, èmi gan-an ò rí i lá!" ni mo fi ẹ̀rín wí.

Màmá ti jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ajá, omijé ń dà lójú rẹ̀. "Mo ṣebí mò ń kẹ́ ẹ ni."

Mo jókòó tì í nílẹ̀.

Wọ́n fa omi sí ajá lára, wọ́n gún un lábẹ́rẹ́. Ó pẹ́ kó tó lè dìde. Màmá tú ẹrù rẹ̀, omi orí ẹja tí kò ní àlùbọ́sà ló wá ń bù sórí ẹ̀bà ajá. Lọ́jọ́ tí ajá kọ́kọ́ gbó padà, aláta yọjú lójú fèrèsé, ojú ń tì í.

"Màmá, ẹ kú oríire o. Ẹ má bínú sí ọ̀rọ̀ ìkòkò ọjọ́sí."

Màmá ń fọwọ́ pa ajá lórí.

"Fọkàn balẹ̀, ìyàwó. Ẹran tí kò bá àlùbọ́sà rẹ́, ta ló fẹ́ sè é?"