Dókítà "Ẹ Fọjà Sílẹ̀"

Mo ti ń jowú ọkùnrin náà tipẹ́ kí n tó gbà pé owú ni. Ọmọ Yorùbá bíi tèmi ni, ó ń kọ́ni ní ìmọ̀ ọrọ̀ ajé ní yunifásítì ní Ugbowo, ṣùgbọ́n Ikpoba Hill ló ń gbé, ògiri kan ló là wá láàárín. Ìwàásù kan ṣoṣo ló ní: kí ìjọba jáwọ́ lọ́rọ̀ ọjà, kí ẹgbẹ́ ọlọ́jà náà jáwọ́, kí kálukú tà bó ṣe wù ú. Ó ní kò sẹ́ni tó gbọ́n débi tí yóò bá gbogbo ayé dá iye ọjà. Nígbà tó wà lọ́mọdé, wolé-wolé da àtẹ ìyá rẹ̀ nù, ó ní láti ọjọ́ náà lòun ti mọ ẹni tí òun máa bá jà.

Òṣìṣẹ́ ìjọba lèmi. Mo máa ń bi í pé, "Dókítà, ta ló sanwó ilé ìwé yín? Ṣé kì í ṣe ìjọba?"

Á rẹ́rìn-ín. "Ìjọba ni, ẹ̀gbọ́n. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi gba ilé olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n fẹ́ fún mi ní Ugbowo."

Òótọ́ ni, kò gbà á. Ìyẹn gan-an ló ń bí mi nínú, pé ohun tó ń wí ló ń ṣe.

Ìyàwó mi ń ta gààrí ní ọjà Santana. Ẹgbẹ́ onígààrí ló ń dá iye tí wọ́n ń ta kóńgò kan. Ẹni tó bá tà á dín sí iye náà, wọ́n á gba kóńgò tó fi ń wọn gààrí, kò sì ní tajà títí wọ́n á fi dá a padà. Ṣàdédé ni ọ̀rọ̀ Dókítà kún ẹnu ìyàwó mi. Mo ń jẹun, Dókítà ní. Mo tan rédíò, Dókítà ní. Ọdún mẹ́rìnlá tí mo ti fẹ́ ẹ, n kò gbọ́ kó sọ fún ẹnikẹ́ni pé ọkọ òun ní.

"Daddy," ó wí lọ́jọ́ kan, "Dókítà bi mí pé èló lèmi fúnra mi fẹ́ tà á. Ẹnì kankan ò bi mí bẹ́ẹ̀ rí."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tà á dín ní bòókẹ́lẹ́. Oníbàárà ń rọ́ wá, ó sì ń kọrin nínú ilé. Orin yẹn le fún mi láti gbọ́. Ni mo bá ya Santana lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo tú àṣírí rẹ̀ fún olórí onígààrí, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má dárúkọ mi. Mo kàn fẹ́ kí ọgbọ́n Dókítà já sásán ni.

Wọ́n gba kóńgò rẹ̀. Ó délé, ó jókòó sílẹ̀, ó ń sunkún. "Ta ni mo ṣẹ̀ tó lọ tú mi fó?"

Kí n tó la ẹnu, Dókítà ti gbọ́, ó ti dé. Odindi dókítà dọ̀bálẹ̀ gbalaja ní pálọ̀ mi. "Ìyàwó wa, ẹ má bínú, èmi ni mo fà á. Ẹ̀bi mi ni."

Dókítà tẹ̀lé e lọ bẹ ẹgbẹ́ tí òun fúnra rẹ̀ kò gbà pé ó yẹ kó wà rárá. Wọ́n dá kóńgò padà. Ìyàwó mi se ìrẹsì fún un, ó ní òun ti dárí jì í tọkàntọkàn.

Mo jókòó tì wọ́n, mo ń wò wọ́n. Kódà ẹ̀bi mi, òun ló gbà á. Ìdáríjì tó yẹ kó jẹ́ tèmi náà, òun ló jẹ ẹ́ mọ́ ìrẹsì. Èmi ò tíì tọrọ tèmi títí dòní.