Ọjọ́ Tí Màmá Merle Sùn Síta

Ọjọ́ tí Màmá Merle Tregenza, ẹni ọdún méjìléláàádọ́rin, na gbalaja síta nínú òtútù oṣù keje, tó sì ń hanrun, gbogbo ẹni tó gbọ́ ọ ní ìlú Ballarat, ní Australia níbi tí oṣù keje ti jẹ́ ìgbà òtútù, ló lanu tí kò lè pa á dé. Àgbàlagbà! Ẹ dákun, kò kú lọ́jọ́ náà o. Ó tún lo ọdún mẹ́fà láyé.

Ìjà ni màmá yìí ń parí. Ẹ mọ àwọn ọmọge tó ń ti òkè òkun wá gbé nílé onílé, tí wọ́n ń bá wọn tọ́jú ọmọ. Bí àwọn àti onílé bá ti tahùn síra wọn, Màmá Merle ni ilé iṣẹ́ tó mú ọmọge wá máa ń rán sí wọn. Òfin kan ṣoṣo ló ní: ẹni tó bá fẹ́ rojọ́, ẹjọ́ ẹnìkejì ni yóò kọ́kọ́ rò.

Lọ́jọ́ tí à ń wí yìí, Nerida Plowright ti ibi iṣẹ́ dé lọ́sàn-án láìròtì. Ó wo yàrá, kò rí Otis, ọmọ oṣù méje rẹ̀. Ó wo ilé ìdáná, Venla, ọmọge Finland tó ń gbé lọ́dọ̀ wọn, ló jókòó tó ń họ kárọ́ọ̀tì.

"Ọmọ mi dà?"

"Ó ń sùn, ma. Ó wà níta."

Níta kẹ̀? Nerida fò jáde sẹ́yìnkùlé. Kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ń tẹ́ ọmọ sí wà lórí koríko tí ìrì ti dì lé gbagidi. Wọ́n ti fi aṣọ dì Otis, imú rẹ̀ nìkan ló hàn, ó ń mí jẹ́jẹ́.

"Yéè! Mo gbé o! Wọ́n ti pa ọmọ mi!"

Ariwo yẹn ló jí ọmọ. Ọmọ tí kò sunkún látàárọ̀ wá figbe ta.

Kí Màmá Merle tó wa ọkọ̀ rẹ̀ jẹ́jẹ́ dé, Nerida ti di ẹrù Venla, ó ti gbé àpótí sẹ́nu ọ̀nà. Ó ní Finland ni Venla ń padà sí, lọ́jọ́ náà gan-an. Venla jókòó lórí àpótí, omi ń dà lójú rẹ̀. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ọmọdé ló ń gbèrò láti kọ́. Ta ni yóò gba ẹni tí wọ́n ní ó fẹ́ fi òtútù pa ọmọ ọlọ́mọ?

"Màmá, ẹ wá gbọ́ ohun tí ọmọ yìí fojú mi rí!"

"N ò gbọ́ nǹkan kan," ni Màmá Merle wí, ó ń bu tíì látinú fúláàsì rẹ̀. "O mọ òfin mi. Ìwọ ni Venla. Ó yá, sọ̀rọ̀."

"Kí ni n ó sọ? Orí mi ti dàrú, mo lọ gbé ọmọ sínú òtútù!"

"O ò tiẹ̀ gbìyànjú. Venla, ìwọ ni Nerida."

Venla nu imú. "Mo délé, mi ò rí ọmọ mi," ló wí. "Àyà mi já. Mo rò pé ó ti kú."

Nerida wá àga, ó jókòó.

"Ní Finland, níta ni gbogbo ọmọ wa ti ń sùn nínú òtútù, màmá," ni Venla fi kún un. "Níta ni ìyá mi tẹ́ èmi náà sí."

"Irọ́ ni!" ni Nerida wí, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ti rọ̀.

"Kí là ń jiyàn sí?" Màmá Merle dìde. "Ẹ gbé àga gbọọrọ tí ẹ fi ń yá oòrùn wá. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré. Bí mo bá kú, Nerida ló jàre."

Ẹ gbà mí o! Ó dùbúlẹ̀ lóòótọ́. Venla fi bùláńkẹ́ẹ̀tì pupa Nerida dì í: ẹsẹ̀ ló kọ́kọ́ dì, ó dé èjìká, ó fi imú sílẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá di wákàtí méjì. Aládùúgbò yọjú lórí fẹ́ǹsì, ó rí arúgbó tí ìrì ti funfun lórí irun rẹ̀, ó rò pé ó ti kú, ló bá pe ọkọ̀ agbókùú àti ọkọ̀ aláìsàn. Ọkọ̀ aláìsàn ló kọ́kọ́ dé. Àwọn nọ́ọ̀sì sáré dé ẹ̀yìnkùlé, ọ̀kan gbé etí sí imú màmá.

Màmá la ojú kan. "Ta ló jí mi? Látìgbà tí ọkọ mi ti kú, n ò tíì rí irú oorun yìí sùn!"

Nerida rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sórí koríko tútù. Òun fúnra rẹ̀ ló gbé àpótí Venla padà sí yàrá. Màmá Merle kò sì ṣàì bá Venla wí: "Ohun tí à ń ṣe nílé wa, èèwọ̀ ibòmíì ni. Kí ló dé tó ò bi í? Tọrọ àforíjì." Venla tọrọ rẹ̀.

Ẹ tún gbọ́ ti Garnet Hocking, àgbẹ̀ alágùntàn. Ọ̀dá dá, omi òjò inú táńkì ni wọ́n ń lò, ni Garnet bá ń dúró lẹ́nu ọ̀nà balùwẹ̀ pẹ̀lú aago, kí ọmọge Ítálì tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀ má baà kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rin. Màmá Merle dé, ó gba táwẹ́lì. "Máa kà á," ló wí, ó sì wọlé lọ wẹ̀. Ìṣẹ́jú mọ́kànlá! Orin ìsìn ló ń kọ.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, omi ń tán!"

"Ọṣẹ ṣì wà lórí mi, Garnet! Bó o bá láyà, wọlé wá gbé mi jáde!"

Garnet sá lọ bá àwọn àgùntàn rẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́jọ ló ń fún ọmọge náà látọjọ́ yẹn, kò sì gbé aago mọ́.

Lẹ́yìn ọdún mẹ́fà, nínú oṣù keje bákan náà, ni Màmá Merle kú, lórí ibùsùn rẹ̀. Venla wọ ọkọ̀ òfúrufú láti Finland wá sin ín. Ó ti di nọ́ọ̀sì ọmọdé. Ní ibi ìsìnkú, bí wọ́n ṣe ń sunkún ni wọ́n ń sọ ìtàn balùwẹ̀, tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Nerida nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ìrì ti dì sórí koríko, ó sì ń wo pósí tó wà níta gbangba nínú òtútù.

Ó ṣí báàgì, ó fa bùláńkẹ́ẹ̀tì pupa yọ. Ó dì í mọ́ pósí náà: ẹsẹ̀ ló kọ́kọ́ dì, ó dé èjìká. Venla bá a fa etí bùláńkẹ́ẹ̀tì náà sísàlẹ̀ díẹ̀, kó má bo ibi tí imú màmá wà.

"Ṣé ká ká a kúrò, ma?" ni ọkùnrin asìnkú béèrè, ẹnu ń yà á.

"Ẹ fi sílẹ̀," ni Nerida wí, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. "Ẹ sì rọra gbé wọn sọ̀kalẹ̀. Mo ti fi ariwo jí ẹni tó ń sùn jẹ́jẹ́ rí. N ò tún ní ṣe é mọ́."