Ìkíni Tó Jẹ Àkókò Mi

Nígbà tí owó epo já wálẹ̀, tí Calgary, ìlú epo ní Canada, dàrú, wọ́n dá èmi náà dúró lẹ́nu iṣẹ́ engineer. Ọ̀gá mi, òyìnbó kan tó máa ń rẹ́rìn-ín ṣáá, ló pè mí wọ ọ́fíìsì tó sọ fún mi. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, wọ́n ṣe ìdíje chess ní hall kan ní àdúgbò Temple. Ta ni mo bá níwájú mi ní àṣekágbá? Ọ̀gá náà ni. Mi ò fẹ́ nǹkan mìíràn láyé lọ́jọ́ yẹn ju kí n na ọkùnrin yẹn lójú gbogbo èèyàn lọ.

Mo sì ń nà án. Mo ti gba queen rẹ̀, ọba rẹ̀ ń sá kiri. Àmọ́ agogo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, kálukú ló ní àkókò tirẹ̀. Ẹni tó kàn ni tiẹ̀ ń lọ, bí àkókò rẹ̀ bá sì tán, ó ti pàdánù nìyẹn, ì báà ku díẹ̀ kó pa ọba.

Èmi ló kàn, àkókò mi ò sì pọ̀ mọ́, nígbà tí ẹ̀gbọ́n wa kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wọlé, tí wọ́n fọwọ́ kàn mí léjìká. Ẹni tí wọ́n kọ́ nílé kì í jókòó dá àgbà lóhùn. Mo dìde, mo fọwọ́ kanlẹ̀. Ẹ̀gbọ́n bẹ̀rẹ̀: ìyàwó ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé màmá wà dáadáa nílé, snow yìí mà pọ̀ o. Mo ń dáhùn, ojú mi wà lára agogo. Wọ́n tún wá fi àánú bi mí bóyá mo ti ríṣẹ́. Ṣé kí n kọ̀yìn sí wọn ni? Ọ̀gá mi àná káwọ́ gbera, ó ń wo àkókò mi bó ṣe ń lọ.

Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà wà níbẹ̀ o, orí mi wọ́. Kí n tó jókòó, agogo ti dún. Ẹ̀gbọ́n ní kí n má bínú, eré lásán ni. Inú bí mi débi pé ẹnu mi korò, síbẹ̀ mo ní, "Ẹ ṣeun, sà."

Ọ̀gá náà bọ̀ mí lọ́wọ́, ó ń rẹ́rìn-ín. "You were the better player," ló wí. "It's just the clock."

Mo mọ ohùn yẹn. Ohùn tó fi sọ fún mi ní ọ́fíìsì pé mo mọṣẹ́ ju gbogbo wọn lọ, owó epo ló kàn já, nìyẹn.