Kíláàsì Ẹ̀yìnkùlé ní Ọjọ́ Agẹmọ

Kàdúná ni wọ́n bí Mọ́ṣádé Ìbítáyọ̀ sí, nídìí iṣẹ́ rélùwéè tí bàbá rẹ̀ ń ṣe. Ọmọ Ìjẹ̀bú ló ń pe ara rẹ̀, ó sì ń fi gbogbo ẹnu pè é. Àmọ́ kó tó wá kàwé nílé, ohun tó mọ̀ nípa Ìjẹ̀bú kò ju gaàrí tí ìyá bàbá rẹ̀ máa ń fi ránṣẹ́ lọ. Gaàrí náà kan gógó, òun náà sì ti gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ará ilé yóò ṣe rí.

Ohun tó gbé e wálé kò fara sin. Bàbá ti fẹ̀yìn tì, owó ìfẹ̀yìntì kò sì tíì jáde. Simeon àbúrò rẹ̀ ti ṣe ìwé mẹ́wàá tán, ó jókòó sílé, ó ń retí kí ẹ̀gbọ́n òun jáde kí bàbá tó lè rán òun náà lọ. Ilé-ẹ̀kọ́ gíga ìjọba tó wà ní Ìjagun, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ni níṣẹ́ olùkọ́, nìkan ni agbára bàbá ká. Harold, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ tó ń kàwé ní Lọ́ńdọ̀nù, kọ̀wé sí i pé òun gbọ́ pé ó ti wọ ilé-ìwé olówó pọ́ọ́kú. Mọ́ṣádé dá a lóhùn pé bó ti wù kó rí, tòun ní oòrùn. Ti Harold ńkọ́?

Ká má purọ́, ohun tí kò sí ní Ìjagun pọ̀. Awò tí wọ́n fi ń wo kòkòrò tí ojú lásán kò rí kò ju ẹyọ kan lọ. Ńṣe ni wọ́n ń tò sídìí rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ ra kẹrosíìnì. Ṣùgbọ́n Ọ̀gá Ìgè wà níbẹ̀, ọkùnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ tó ń kọ́ wọn ní sáyẹ́ǹsì, tí kì í gbà kí ẹnikẹ́ni wí pé kò sí ohun èlò. Á ní ohun èlò wà ní ilé ìdáná ìyá oníkálukú, kí wọ́n lọ gbé e wá. Igi ewé ìbẹ́pẹ ló fi kọ́ wọn bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń gba inú iṣan kọjá. Ẹni tí nǹkan kò bá sì yé, Ọ̀gá Ìgè yóò jókòó tì í títí yóò fi yé e, kò ní gba kọ́bọ̀ lé e.

Ní ọdún 1985, ó ku ìdánrawò ìkọ́ni nìkan kí Mọ́ṣádé jáde. Wọ́n rán an lọ sí ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan nínú Ìjẹ̀bú-Òde. Ó gba yàrá sílé Alhaja Kúbúrátù Ògúnbánwò, oníṣòwò abọ́ tánganran, nítorí pé ilé náà kò jìnnà sí ilé-ìwé. Olùyẹ̀wò kan ní láti wá láti òde, kó jókòó, kó wò ó bó ṣe ń kọ́ àwọn ọmọ. Bí wọn kò bá rí i, ìwé-ẹ̀rí kò sí, ó di ọdún tó ń bọ̀, Simeon náà á sì jókòó dè é.

Wọ́n ní kó mú ọjọ́ kan nínú méjì. Mọ́ṣádé kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì, Ọjọ́bọ̀ ló mú. Ọ̀gbẹ́ni Yẹ̀kínì Fájọbí tó ni kíláàsì náà ti sọ fún un pé òun kò ní wá lọ́jọ́ yẹn, bẹ́ẹ̀ ọkùnrin yìí kì í jẹ́ kí ó sọ gbólóhùn méjì kó má dá sí i. Ayọ̀ kò jẹ́ kó béèrè ibi tí ó ń lọ. Ọmọ Ìjẹ̀bú mìíràn ì bá béèrè.

Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, Ìyáàfin Edith Adébóyè, olùyẹ̀wò láti Ìbàdàn, yà sílé Alhaja gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ṣe àdéhùn, kí Mọ́ṣádé lè mú un dé ilé-ìwé. Wọ́n fẹ́ jáde báyìí ni Alhaja fi ẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn.

"Níbo lẹ̀ ń lọ?"

Mọ́ṣádé ní ilé-ìwé ni.

"Ìwọ ọmọ Kàdúná yìí, Agẹmọ ń kọjá lónìí. Obìnrin kì í rí i. Èmi ti lọ Mẹ́kà, mo ti rí Káábà, mi ò sì tíì dá a láṣà pé mo fẹ́ lọ wo Agẹmọ."

Ìgbà yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ yé Mọ́ṣádé ibi tí Ọ̀gbẹ́ni Yẹ̀kínì lọ. Ó jókòó sórí àpótí. Ìyáàfin Adébóyè wo aago. Ó ní ó dun òun, ṣùgbọ́n ọ̀la ni òun máa kó máàkì gbogbo sílẹ̀ ní Ìbàdàn, òun kò sì lè fún olùkọ́ tí kò ní ọmọ níwájú ní nǹkan kan.

Ọmọ níwájú. Mọ́ṣádé gbọ́ ọ, ojú rẹ̀ là. Kì í ṣe òun nìkan ni obìnrin ní àdúgbò. Gbogbo ọmọbìnrin kíláàsì rẹ̀ ló wà nílé bíi tirẹ̀. Ó sọ fún Alhaja, Alhaja sì lọ sídìí ògiri ẹ̀yìnkùlé, ó pe ìyá Ọmọlará, ìyá Ọmọlará náà pe ẹni tó múlé tì í. Láti ẹ̀yìnkùlé dé ẹ̀yìnkùlé, àwọn ọmọ ń gba ilẹ̀kùn kékeré wọlé, òmíràn ṣì ń jẹ ẹ̀kọ lọ́wọ́.

"Ṣé kíláàsì rẹ nìyí?" Ìyáàfin Adébóyè béèrè.

"Gbogbo obìnrin inú rẹ̀ ni, mà."

Ó fa àpótí, ó jókòó.

Àwòrán tí Mọ́ṣádé yà sílẹ̀ wà ní ilé-ìwé. Bí òjò ṣe ń rọ̀ ló fẹ́ kọ́ wọn. Ó wo ilé ìdáná Alhaja, ó gbé ìkòkò omi kaná, ó sì fi ọmọrí tútù dé e. Nígbà tó yá, ó ṣí i, ó béèrè ibi tí omi abẹ́ ọmọrí ti wá. Kí ọmọ kankan tó la ẹnu, Alhaja ti na ọwọ́ sókè láti ẹ̀yìn.

"Ó ń jò ni. Mo ti ń bá ẹni tó tà á fún mi jà tipẹ́."

Ẹ̀rín sọ. Ibi tí wọ́n ti ń rẹ́rìn-ín ni ohùn àwọn ọkùnrin ti dé láti títì, wọ́n ń kìlọ̀ pé kí obìnrin wọlé. Alhaja fi ìka sí ètè. Gbogbo ilé pa lọ́lọ́.

Mọ́ṣádé kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀, kò sì fẹ́ dúró. Ó na ọwọ́ sí omi tó ń hó, ó fi ọwọ́ tẹ̀ lé ooru rẹ̀ lọ sókè, ó sì yí ọmọrí náà sí wọn. Ẹ̀kán omi ń sanra níbẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ọ̀kan já, ó bọ́ sílẹ̀. Òmíràn tẹ̀ lé e. Mọ́ṣádé gbójú sókè wo ìkùukùu tó ṣú lórí ẹ̀yìnkùlé, ó tún wo ọmọrí. Ọmọlará la ẹnu, ó sì yára fi àtẹ́lẹwọ́ bò ó. Ojú rẹ̀ ń tàn, ó ń pa ọ̀rọ̀ mọ́ bí ẹni tó kó omi sẹ́nu, títí Agẹmọ fi kọjá.

"Àǹtí, òjò ni! Ìkùukùu ni ọmọrí. Ṣùgbọ́n ta ló ń dáná sí ìdí òkun?"

"Wo òkè lọ́sàn-án, wàá rí i," ni Mọ́ṣádé wí.

"Oòrùn," gbogbo wọn dáhùn pọ̀.

Ìyáàfin Adébóyè kọ nǹkan sílẹ̀, ó sì dìde. Ó béèrè ẹni tó kọ́ ọ níṣẹ́. Mọ́ṣádé ní Ọ̀gá Ìgè ni, ní Ìjagun.

"Bá mi kí i. Olùkọ́ tó dákẹ́ tí àwọn ọmọ sì ń kọ́ nǹkan, n kò tíì rí irú rẹ̀ rí. O ti yege lọ́dọ̀ mi."

Mọ́ṣádé kúnlẹ̀, ó dúpẹ́, ó tún dúpẹ́. Alhaja ní kí wọ́n má gbàgbé máàkì tòun náà.

Òdogbolú ni Mọ́ṣádé ti rí iṣẹ́ lọ́dún náà. Oṣù tó kọ́kọ́ gbowó, ó kọ̀wé sí Kàdúná pé kí Simeon máa bọ̀ ní Ìjagun. Simeon dé tòun ti àpótí, ó yí ilé-ẹ̀kọ́ náà ká, ó sì padà wá fajú ro pé ẹ̀rọ omi wọn kò lómi.

"Kànga wà lẹ́yìn ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́," ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí, ó na korobá sí i, ó sì ń rẹ́rìn-ín. "Tó o bá pọn omi tán, lọ kí Ọ̀gá Ìgè. Dọ̀bálẹ̀ dáadáa, kí o sì dúpẹ́ fún èmi náà."